Kí Wọ́n Tó Lu Ilé ní Gbàǹjo: Ibi Tó Yẹ Kí Onílé Àkókó Ti Rí Ìrànlọ́wọ́

Ilé kì í dédé bọ́ lọ́wọ́ onílé. Kí bélífù tó wá lẹ ìwé mọ́ ògiri, tàbí kí olówó tó wá kó ẹrù ayálégbé síta, ìwé kan ti wà nílẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan ti tẹ̀ka sí i, ẹnì kejì ti ṣe onídùúró, èlé sì ti gun orí èlé. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dọ́wọ́ bélífù ni ẹbí, àwọn àgbà àdúgbò àti lọ́yà tó ń gbọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìrànlọ́wọ́ tó lè gba ilé sílẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló wà: kí èèyàn tó tẹ̀ka, àti láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí owó bá ti yẹ àdéhùn. Òfin tó lè dáàbò bo onílé wà, àṣà wa náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò sí nítòsí ẹni tó nílò rẹ̀. Ó yẹ kí a gbé e wá sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó ní Ìkàrẹ́ àti ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó ní Ọ̀kà, nítorí òfin ti fún àwọn méjèèjì ní ẹnu-ọ̀nà kan láti máa ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú gbèsè tó ń kan ilé ní agbègbè yìí. Àgbẹ̀ kòkó, obì, iṣu àti ẹ̀gẹ́, oníṣòwò, tíṣà àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì pọ̀ nínú àwọn onílé Àkókó. Láti ìgbà tí ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì ti gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó wá sí Àkùngbá, tó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ti di okòwò. Ẹni tó gba owó ìfẹ̀yìntì fi kọ́lé; ẹni tí tirẹ̀ kò tó yá owó kún un. Àmọ́ orí ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí wà, rìsíìtì àti ìwé àdéhùn sì ni ọ̀pọ̀ onílé ní, wọn kò ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ilé tí kò ní C of O, báǹkì ńlá kì í fẹ́ gbà á fún ìdúró. Owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, National Housing Fund, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1992, ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù, Federal Mortgage Bank sì ń yá àwọn tó ń dá a ní owó ní èlé ìdá 6 lọ́dún, ṣùgbọ́n òun náà ń béèrè ìwé ilẹ̀ tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé ṣe ń yà síbi tí èlé ti wọ́n jù: báǹkì máíkírófáínáǹsì, olówó èlé àdúgbò, áàpù orí fóònù. Àwọn tó rìnnà kore ń rí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yá.

Ọdún mẹ́ta-mẹ́rin tó kọjá yìí kò sì ṣojúure fún ẹni tó yá owó. Ìdá 11.5 ni báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, fi ìpìlẹ̀ èlé sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2024, ó ti di ìdá 27.5, èlé tí àwọn báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Owó náírà wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, sìmẹ́ǹtì àti páànù gbówó lórí, ilé tí onílé rò pé òun yóò parí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé kò sì tètè mú owó wá. Ti kòkó tún jẹ́ ẹ̀tàn mìíràn. Ní oṣù kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 ní ọjà àgbáyé, irú èyí tí a kò rí rí. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Àgbẹ̀ tó fi owó ìgbà òkè ṣírò gbèsè rẹ̀, tó wá kórè ní ìgbà ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àpà. Ọjà ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ìwé gbèsè àdúgbò bó ti lè rí. Abala fúlúsíkáàpù kan ni. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹni tó ń yá owó àti ti onídùúró ni wọ́n fi pín-ín-nì mọ́ etí rẹ̀, ìtẹ̀ka aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀. Abala àkọ́kọ́ sọ iye owó àti ọjọ́ tí wọn yóò san án. Abala kejì tí wọ́n fi há a lẹ́yìn kò sọ̀rọ̀ owó yíyá rárá. Rìsíìtì ni: ó ní lágbájá ta ilé rẹ̀ fún tàmẹ̀dò, ó sì ti gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí gbèsè bá yẹ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ sí i. Lójú ẹni tó ń tẹ̀ka, ìdánilójú lásán ni abala kejì yìí. Lọ́wọ́ olówó, ilé ni. Ẹ ṣírò èlé rẹ̀ náà. Ká ní wọ́n yá èèyàn ní ₦500,000 ní èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí kò bá san nǹkan kan fún ọdún kan, tí èlé kò sì gun orí èlé, ₦800,000 ni yóò san. Bí èlé bá ń gun orí èlé lóṣooṣù, ó di nǹkan bí ₦898,000. Ìyàtọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦98,000, gbólóhùn kan péré nínú ìwé ló sì dá a sílẹ̀. Kí ló yẹ kí ẹni tí kò lè ka gbólóhùn yẹn ṣe? Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, tí a ti ní láti ayé amúnisìn, dáhùn: ẹni tó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé a kà á fún un, a sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Ìwé tí kò ní èyí, kì í rọrùn fún olówó láti gbé e dúró lé ẹni tó tẹ̀ka lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù ti máa ń sọ pé ohun tó jẹ́ owó yíyá látilẹ̀wá, owó yíyá náà ni yóò máa jẹ́, bó ti wù kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní èyí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, ẹ̀rí kì í sì í pẹ́ sọnù nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ olówó ni ìwé méjèèjì wà.

Gbèsè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, bí ológò ti máa ń lọ jókòó sílé onígbèsè, tí yóò máa yọ wọ́n lẹ́nu, tí yóò máa mú adìyẹ àti oúnjẹ wọn títí owó yóò fi jáde. Ìwọ̀fà wà pẹ̀lú: ọmọ tàbí ẹni tó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ san èlé, olówó sì ń jẹ iṣẹ́ náà láìdín owó àkọ́kọ́ kù. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fẹ́ kí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó gbilẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko ṣe ìdógò, àṣà kan tọ́ wọn sọ́nà tó dára ju ọ̀pọ̀ ìwé òní lọ. Galletti, Baldwin àti Dina, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà, tí ìwé wọn jáde ní 1956, rí i bí ìdógò oko ti wọ́pọ̀ tó. Nínú àṣà yìí, olówó ń jẹ èso oko dípò èlé, ṣùgbọ́n oko kò di tirẹ̀. Ọjọ́ tí onílẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá mú owó wá, bó ti wù kó pẹ́ tó, olówó gbọ́dọ̀ gba owó kí ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1933 nínú ẹjọ́ Agbo Kofi àti Addo Kofi láti Gold Coast pé ẹni tí ilẹ̀ ìdógò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí yóò mú kí ó nira fún onílẹ̀ láti rà á padà. Àwọn kóòtù Nàìjíríà náà dúró lórí ìlànà yìí. Ohun tí àṣà yìí mọ̀, tí rìsíìtì aláìlọ́jọ́ gbàgbé, ni pé gbèsè àti ìní jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èèyàn lè jẹ gbèsè púpọ̀ kí ilé ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Òfin ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n. Òfin Property and Conveyancing tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1959, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún, sọ pé olówó tó gba ilé fún ìdúró kò lè tà á lọ́jọ́ tí gbèsè yẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti fún onílé ní ìwé pé kó wá san owó, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá láìsan. Tàbí kí èlé ti yẹ̀ fún oṣù méjì. Tàbí kí onílé ti ṣẹ̀ sí àdéhùn mìíràn nínú ìwé náà. Bó bá jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ nìkan ni onílé kó sọ́wọ́ olówó, láìsí ìwé tí lọ́yà ṣe tí wọ́n sì fi èdìdì dì, olówó kò lágbára láti dá ilé tà. Kóòtù ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ kóòtù ni olówó gbà, òfin tó ń darí bélífù sọ pé ẹrù onígbèsè ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Kóòtù májísíréètì kò lè pàṣẹ kí wọ́n gba ilé. Ilé ẹjọ́ gíga ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹrù kò bá tó. Onígbèsè sì lè bẹ kóòtù pé kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di gbàǹjo, òfin àwọn alugbàǹjo ní kí wọ́n kéde rẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán ní olú ìlú agbègbè tí ilẹ̀ wà àti níbi tí wọn yóò ti tà á, kì í ṣe pẹ̀lú ìwé nìkan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlù lílù tàbí ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò mọ̀wé yóò fi gbọ́ ọ yé. Àwọn tó kọ òfin yẹn mọ ìlú tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Gbàǹjo tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìwárò Ọ̀kà láìsí ìkéde kankan, àfi abala ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó yẹ kí ẹnì kan bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í, ìgbà wo ni yóò sì bi í? Ibí yìí ni àwọn ẹjọ́ àtijọ́ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, wọn kò sì kọ́ wa ní ohun kan náà. Ní 1956, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ Kasumu àti Baba-Egbe láti Nàìjíríà. Olówó èlé kò pa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ bí òfin àwọn olówó èlé ti pa á láṣẹ, ẹni tó yá owó sì lọ bá kóòtù pé kí wọ́n dá ohun ìní tí òun fi dúró padà. Ilé ẹjọ́ sọ pé gbèsè náà kò ṣe é fi òfin gbà, a kò sì lè sọ fún ẹni tó yá owó pé àfi kó kọ́kọ́ san án kó tó rí nǹkan rẹ̀ gbà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìdúró ilé tí Gómìnà kò fọwọ́ sí lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbèsè yọ̀ sí ìdájọ́ yẹn, wọ́n rò pé ilẹ̀kùn àbáyọ ti ṣí. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, ilé ẹjọ́ kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn náà: ẹni tó yẹ kó gba ìfọwọ́sí Gómìnà ni ẹni tó fi ilé dúró, kò sì lè fi àìṣe ojúṣe ara rẹ̀ sá fún gbèsè. Ṣáájú èyí, ní 1973, nínú ẹjọ́ Eka-Eteh àti Nigeria Housing Development Society, ilé ẹjọ́ yẹn ti sọ pé títa ilé ní owó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti fagi lé títà rẹ̀, àfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá to àwọn ẹjọ́ yìí pọ̀ yóò rí i pé ẹni tó gbára lé kóòtù lẹ́yìn tí ilé ti bọ́ ń ta tẹ́tẹ́. Lónìí ó lè jẹ, lọ́la ó lè fi lélẹ̀, ó sì ti san owó lọ́yà kí ó tó mọ èyí tó jẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òfin tí onílé bá mọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ju lọ́yà tó gbà ní oṣù kẹrìnlá.

Ibi tí mo rí ẹnu-ọ̀nà náà sí nìyí. Òfin Ìlò Ilẹ̀, ní abala 21, sọ nípa ilẹ̀ tí èèyàn ní lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro tí ìjọba kéde, pé kò sẹ́ni tó lè tà á, fi í dúró tàbí fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìsí ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àṣẹ kóòtù ni wọ́n fi fẹ́ tà á, àfi kí Gómìnà fọwọ́ sí i. Òfin kan náà, ní abala kejì, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa gba wọ́n nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìfọwọ́sí yìí ti di ìwé owó lásán lójú ọ̀pọ̀ èèyàn: san owó, gba òǹtẹ̀, máa lọ. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ilé tàbí oko dúró fún gbèsè, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bi í ní ohun tó mọ̀ nípa ìwé tó fẹ́ tẹ̀ka sí, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá tàbí ní èdè Àkókó tó gbọ́, kí wọ́n kọ iye èlé ọdún kan sílẹ̀ ní náírà gidi, kí wọ́n sì kọ̀ láti fọwọ́ sí rìsíìtì aláìlọ́jọ́. Kò nílò òfin tuntun kankan. Ìgbìmọ̀ ti wà nínú òfin, sẹkitéríàtì ti wà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 sì ti sọ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà.

Títí ìyẹn yóò fi dé, onílé tó wà nínú wàhálà kò ṣofo pátápátá. Bó bá jẹ́ báǹkì ló yá a lówó, ìwé ló yẹ kó kọ sí wọn, kí ó béèrè pé kí wọ́n tún ìsanwó rẹ̀ ṣètò, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ó lè gbé ẹjọ́ báǹkì lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN. Kí ó sì rántí pé láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti gba báǹkì láyè láti yọ gbèsè nínú àkáǹtì yòówù tí onígbèsè bá ní ní báǹkì mìíràn, kí owó ilé-ìwé ọmọ má bàa pòórá lójijì. Ìgbìmọ̀ Legal Aid ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Iye náà di ₦70,000 ní 2024. Ẹni tí áàpù orí fóònù ń dójú tì, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá àti pásítọ̀ rẹ̀, lè gbé wọn lọ bá FCCPC, àjọ tí òfin 2018 dá sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ẹni tí kò tíì yá owó rárá lè béèrè bóyá ọkọ̀, ẹ̀rọ tàbí ọjà rẹ̀ lè dúró dípò ilé, nítorí òfin 2017 lórí ohun ìní tí a lè gbé kiri ti ṣí ọ̀nà yẹn. Kóòtù ìbílẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ ìdógò. Ààfin Olúkàrẹ́ àti ti Olúbàkà náà wà, tí olówó àti onígbèsè lè jọ jókòó níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń san owó ìwé ẹjọ́. Gbogbo wọn dára. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò sọ fún opó kan ní Ọ̀kà èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ nínú wọn.

Òkè òkun fi hàn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Nígbà tí gbèsè ilé dojú Amẹ́ríkà dé láti 2007, Prince George's County ní Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé, wà lára àwọn ibi tó kàn jù ní ìpínlẹ̀ yẹn. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ná owó lórí àwọn olùdámọ̀ràn ọ̀fẹ́ tó ń jókòó ti onílé, tó ń ka ìwé báǹkì fún un, tó sì ń bá a kọ lẹ́tà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Urban Institute yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì rí i pé ẹni tó bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ rí àtúnṣe gbèsè gbà ju ẹni tó dá nìkan wà lọ. Láti 2014, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń gba gbèsè ilé má ṣe gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìgbésẹ̀ gbígba ilé títí gbèsè yóò fi ju ọjọ́ 120 lọ. Ní England àti Wales, láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2021, onígbèsè lè rí ọjọ́ 60 gbà láti fi mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùdámọ̀ràn gbèsè ló gbọ́dọ̀ gbà á kọjá. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tó pa gbèsè rẹ́ nínú wọn. Àkókò àti ẹni tó mọ̀wé ni wọ́n fún onílé.

Àwọn kan yóò ní gbèsè ni gbèsè, pé bí a bá ń dí olówó lọ́wọ́, kò ní yá ẹnikẹ́ni mọ́, tálákà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Mo gba apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó yá owó gbọ́dọ̀ san án, olówó àdúgbò kan náà sì lè jẹ́ opó tó fi owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kà kí a tó tẹ̀ka kò ṣe olówó òdodo ní ohunkóhun. Òun gan-an ló jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí pé kò sí lọ́yà tí yóò wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé onígbèsè kò mọ ohun tó tẹ̀ka sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣàdánù bí olówó ẹjọ́ 1956. Olówó tí ọ̀nà yìí yóò lé sá ni èyí tí kò fẹ́ owó rẹ̀ padà, tí ilé ló ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ilé ẹbí kò ṣe é tà, nítorí náà ọkàn Àkókó lè balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé bí mọ̀lẹ́bí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá tà á láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, títà yẹn dúró títí wọn yóò fi lọ sí kóòtù láti fagi lé e, kóòtù kò sì fẹ́ràn ẹbí tó sùn lọ. Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà bá jọ fọwọ́ sí i, ó parí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì tó. Ó yẹ kí ẹbí kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé ilẹ̀ wọn wá, kí wọ́n pe ẹni mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀.

Ìtìjú ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo ìdíwọ́. Tíṣà fẹ̀yìntì kan lè gbà kí ilé bọ́ ju kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí gbọ́ pé ó jẹ gbèsè. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kí ìrànlọ́wọ́ náà má wà lójú ọ̀nà ààfin nìkan, kó sì máà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé ìlú. Yàrá kan ní sẹkitéríàtì, lọ́yà kan tàbí àgùnbánirọ̀ tó kàwé òfin, àti akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó mọ ìṣirò èlé, kí wọ́n máa jókòó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ẹni tó wọlé máa jáde bí ẹni tó wá gba ìwé ìbí ọmọ. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì mọ bí a ti ń yáni lówó láìgba ilé. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àkúrẹ́ àti òkè òkun, tí wọ́n ń dáwó fún gbọ̀ngàn àti ayẹyẹ ọjọ́ ìlú, lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àpò tí wọn yóò fi máa ra gbèsè èlé ńlá padà, kí onílé máa san án fún ẹgbẹ́ ní èlé kékeré. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ni àpò yẹn yóò lè rà. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ ju ohun tó lè san lọ, ó sàn kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti ta ilé fúnra rẹ̀ ní owó tó dára, kó san gbèsè, kó ní ìyókù lọ́wọ́, ju kí wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀rù kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fò kọjá: pé yàrá tí mo ń sọ yìí lè di ibi tí wọ́n ti ń gba rìbá, kí olówó san owó kí òǹtẹ̀ yá, kí tálákà má rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ọ́fíìsì ìjọba wa kò ní pè é ní àsọdùn. Kí wọ́n fi ọjọ́ sí i: bí ìgbìmọ̀ kò bá dáhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí olówó àti onílé lè gbé ìwé wọn lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi gbà tàbí tí wọ́n fi kọ̀ sílẹ̀ fún onílé, kí aṣojú ààfin kan àti obìnrin ọlọ́jà kan wà nínú ìgbìmọ̀, kí owó ìfọwọ́sí wà lára pátákó níwájú ọ́fíìsì. Kí Ìkàrẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún kan, kí Ọ̀kà wo iye ìdúró ilé tí wọ́n kọ̀ àti ìdí rẹ̀, kí àwọn náà tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn.